Fusae Ra Erin

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ní Hakodate létí òkun,
yìnyín bo ilẹ̀ bí ẹni tú ìyẹ̀fun dànù,
Fusae yà sí ṣọ́ọ̀bù àlòkù bàbá Ishidate.
Ìkòkò ìrẹsì ló fẹ́ rà. Ti ilé ti jó nídìí.
Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: kò ra ìkòkò.

Láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ kan àti bàtà òtútù ọmọdé
ó rí nǹkan fìrí,
ó padà wò ó.
Àwọn àgbà wa ti sọ tiwọn: bí a bá rí erin,
ká kúkú wí pé a rí erin.
"Erin ni," Fusae wí.
"Gìtá ni," bàbá Ishidate dáhùn,
kò gbójú kúrò nínú ìwé ìròyìn.

Àwọn méjèèjì ló jàre.
Gìtá oníná ni, ó kúrú, ó sanra,
àwọ̀ rẹ̀ bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò.
Ọrùn gìtá ni ọwọ́jà erin,
ó nà án síwájú bí ẹni ń tọrọ ẹ̀pà.
Bọ́tìnì ohùn ni ojú; bí o bá yí i, á wò ọ́ ní ìwòkuwò.
Sípíkà wà nínú ikùn rẹ̀, kò tóbi ju ìdérí ife tíì lọ.
Wáyà márùn-ún ló kù nínú mẹ́fà.
Etí kan ti ha.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà yẹ́ẹ̀nì ni wọ́n kọ sí i lára.
Fusae kò ná an. Wọn kì í nájà níbẹ̀,
wọn a máa dákẹ́ ni.
Ó dákẹ́, ó pẹ́.
Bàbá Ishidate gbọ́ ìdákẹ́ náà yékéyéké,
ó fi bírò pa mẹ́fà rẹ́, ó kọ márùn-ún.
"Nítorí wáyà tí kò sí," ó ní,
ó sì fi bátìrì kan ṣe ènì.

Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń la ikùn ẹja
nílé iṣẹ́ tó wà ní èbúté,
ẹja aláìléegun, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá nì,
tó ń pọ tàdáwà sí ni lára bí akọ̀wé tínú ń bí.
Ọwọ́ yìí kan náà ló fi gbé erin.
Kò mọ gìtá í ta.
Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe,
á ní, "Mo rí i pé ó ń wò mí."

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba àárín títì,
àpò kò sí, erin jókòó lórí itan rẹ̀.
Ọmọ ilé ìwé kan juwọ́. Sí erin o, kì í ṣe sí Fusae.
Wọ́n ní ẹni tó ru ẹran erin kì í fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀;
Fusae gbé odidi erin,
ó ń fẹsẹ̀ wá owó ọkọ̀ tó já bọ́ sábẹ́ àga.

Teruo wà nídìí sítóòfù nígbà tó wọlé.
"Ìkòkò dà?"
Ó fi hàn án.
Teruo wo erin, erin wo Teruo,
ọkùnrin tó jẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ta ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀
gbólóhùn mẹ́ta ló ń sọ lójúmọ́,
méjì nínú rẹ̀, "Ó ti dáa."
Fusae yí ojú erin.
Ó fi àtàǹpàkò fa wáyà tó nípọn jù.

Ohùn tó jáde!
Erin inú igbó kò ní jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ́mọ.
Ó dà bí ìgbà tí màlúù há sínú agolo,
tí agolo náà sì ń yí lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ní èdè tèmi, ohun tó ya erin àti ẹ̀rín
kò ju àmì tíńtín kan lábẹ́ lẹ́tà,
àti ohùn tó kọ́kọ́ rì kó tó gòkè.
Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èdè mi nínú ilé yẹn.
Síbẹ̀ erin fọn,
ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu Teruo,
ó ń han bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí láti ọdún tó kọjá.
"Tún un ṣe," ó wí.

Páànù ni wọ́n fi se ìrẹsì lálẹ́ ọjọ́ náà.
Bátìrì ti tán kí ó tó jinná.