Ṣíbí Ṣúgà Mẹ́wàá, Ṣíbí Iyọ̀ Kan

Wọ́n ti mú iná lọ ní Alékúwodò
kí n tó rí i lẹ́yìn kànga,
Tàlátà, ọmọ ewúrẹ́ tí mo fi ọjọ́ ìbí sọ lórúkọ,
ó tẹ ẹ̀yìn kò bí dòjé,
ìdí rẹ̀ rin, ìrù lẹ̀ mọ́ itan,
ojú ti wọnú.
Ẹran tó ń fò gun máṣíìnì ìránṣọ mi láàárọ̀!

Eèrí ògì ni. Ìyá Kúbúrà ló dà á sẹ́yìn ilé,
eèrí ọjọ́ mẹ́ta, ó ti kan, ó ń hó.
Mo fẹ́ lọ bá a jà.
Mo rántí pé aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi
láti ọdún iléyá tó kọjá.
Mo pa ẹnu mọ́.

Bàbá Rélùwéè yọjú lókè fẹ́ǹsì:
"Epo pupa ni. Da ife kan sí i lọ́fun."
Ìyàwó rẹ̀ ní kí n tú kápúsù pupa-òun-yẹ́lò.
Ẹ ṣé, ẹ ṣé. N ò fi ìkankan kàn án.
Ikùn tó ń ṣàn kì í ṣe ikùn tó wú.

Mo ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹnu tutù.
Ẹran tí ẹnu rẹ̀ bá tutù, ẹ má tíì fún un ní nǹkan kan,
ooru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá fún un.
Mo fi bùbá àtijọ́ wé e,
ìgò omi gbígbóná lábẹ́ ikùn rẹ̀.
Mo fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, mo jọ̀wọ́ rẹ̀:
awọ náà dúró gan-an-gan
bíi kọ́là tí mo lẹ gọ́mùsítéè mọ́.
Omi ti tán lára ọmọ.

Ta ló kọ́ mi? Nọ́ọ̀sì kan ní Asúbíaró,
lọ́dún tí Mùfútáù ń yàgbẹ́ omi,
ọmọ oṣù méje, àwújẹ̀ rẹ̀ ti jìn.
Nọ́ọ̀sì gbé ìgò bíà sókè níwájú àwa ìyá ọmọ,
ìyàwó Àlùfáà bo ojú.
"Ìgò ni mo wí, n ò wí ọtí!
Omi tó ti hó tó sì ti tutù, kó kún un.
Ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá. Ṣíbí iyọ̀ kan.
Ẹ fọwọ́ gé orí ṣíbí kó tẹ́jú."
À ń kà á tẹ̀ lé e bí ọmọ ilé kéwú.

Mo tún kà á lóru yìí, èmi nìkan, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni mo gbà, díẹ̀díẹ̀,
pẹ̀lú síríńjì tí mo yọ abẹ́rẹ́ kúrò lórí rẹ̀.
N ò gbé orí rẹ̀ sókè jù;
omi tó bá ṣìnà, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.
Ó gbé e mì. Mo dúró. Ó gbé e mì.
Ìyá rẹ̀ ń ké níta, ọmú rẹ̀ ti le.
Mo ní fara balẹ̀, yóò kàn ọ́.
Kò gbọ́. Èmi náà kò gbọ́ nígbà yẹn.

Bí mo bá rí ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi,
ilẹ̀ á mọ́, ọ̀kadà á gbé wa lọ bá dókítà ẹran.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Omi yẹ́lò. Kò sẹ́jẹ̀.
Mo tún tàn án. Kò sẹ́jẹ̀.

Mùfútáù pè láti Kàdúná ní aago mọ́kànlá.
"Màámi, ẹ pa á kó tó kú. Èló lọmọ ewúrẹ́?"
N ò dá a lóhùn.
Ṣé kí n sọ pé ìyá bàbá rẹ̀ ti ń wí pé
omi ló dànù, agbè ò fọ́,
nígbà tí òun ṣì ń mí lórí ẹsẹ̀ mi?

Wọ́n ń pe ìrun àsùbáà
nígbà tí awọ ọrùn padà sáyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo bá wóro mẹ́rin lábẹ́ máṣíìnì,
dúdú, gbígbẹ, ó ń dán bíi bọ́tìnnì.
Mo gbálẹ̀ yí wọn ká.
Mo pe Mùfútáù. Mo ní, "Ó ti yàgbẹ́ gidi."
Ó ní, "Ta ni?"