Fi Àyè Sílẹ̀ fún Ooru

Ní Lycksele, nínú oṣù Èrèlé, òtútù ń bu ni jẹ bí ajá.
Odò ti di òkúta. Ilẹ̀kùn gáréèjì lẹ̀ mọ́ férémù,
èjìká ni mo fi ṣí i.
Volvo pupa wà nínú ilé, ó lanu sílẹ̀,
bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lókè àjà,
inú rẹ̀ ṣófo bí ilé tí ọmọ ti lọ tán.

Ọdún 1967 ni wọ́n bí i.
Àádọ́rùn-ún ẹṣin ni wọ́n kó fún un wá sáyé.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni mo fẹ́.
Ragnhild ìyàwó mi ní, “Níbo lo fẹ́ sáré lọ?
Òpópónà kan ló wà ní ìlú yìí,
ẹnu ilé búrẹ́dì ló sì parí sí.”
N ò fèsì.

Èmi ni mo pa ẹ́ńjìnnì ti èṣí.
Mo rò pé kí òrùka písítìn fún ni ọgbọ́n:
bí ó bá fún, afẹ́fẹ́ ò ní jò,
bí afẹ́fẹ́ ò bá jò, agbára á pọ̀.
Mo fún un pinpin.
Tọ́bò fẹ́, iná ràn, irin wú,
etí òrùka kan etí òrùka,
kò sí ibi tí wọ́n á yà sí.
Ohun tí mo gbọ́ kì í ṣe ariwo ńlá.
Ó dà bí ìgbà tí eyín kán sí ni lẹ́nu.
Èéfín funfun kọ́kọ́ jáde, búlúù tẹ̀ lé e,
lẹ́yìn náà ni Sixten dìde, ó ṣí fìlà.

Sixten fi ogójì ọdún lọ irin ní ilé iṣẹ́ pákó.
Bí o bá bi í léèrè, kọfí ló máa kọ́kọ́ mu.
Lọ́dún yìí ó gbé fáìlì kékeré lé mi lọ́wọ́.
“Rọra.” Ó parí.
Mo fá etí òrùka, mo tì í wọ inú sílíńdà,
mo wọ̀n ọ́n. Ó há.
Mo yọ ọ́. Mo tún fá a.
Òrùka mẹ́jọ, alẹ́ mẹ́ta,
títí àyè fi lé díẹ̀ ní ìdajì mílímítà,
ibi tí irun orí méje lè gbà kọjá.
Nínú òtútù, àyè yẹn jọ àṣìṣe.
Mo sọ bẹ́ẹ̀. Sixten gbé ife kọfí kalẹ̀:
“Má ṣe wọn ilé fún ẹni tó ń sùn.
Wọ̀n ọ́n fún ẹni tó ń bínú.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé.
Tuva ọmọ wa kò tíì pè láti ìgbà Kérésìmesì.

Kí n sọ ti tọ́bò.
Ìgbín ni wọ́n ń pè é níbí, nítorí ìkarahun rẹ̀.
Ìgbín tó ń pòyì ní ọ̀kẹ́ márùn-ún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan!
Èéfín tí ẹ́ńjìnnì tu dànù ni oúnjẹ rẹ̀,
òun náà ló fi ń ti afẹ́fẹ́ tútù sí ẹ́ńjìnnì lọ́fun.
Èémí tí a ti mí tán
ló ń bẹ èémí tuntun lọ́wẹ̀.

Oṣù Òkúdu, aago mọ́kànlá alẹ́, oòrùn kọ̀, kò wọ̀.
Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó kọ́, ó sín, ó dìde.
A rọra rin òpópónà, Ragnhild lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹṣin ń fẹsẹ̀ rìn,
àwọn arúgbó lórí àga wọn ń juwọ́.
Nígbà tí a dé orí afárá, ó di ìgbànú rẹ̀ mú.
“Tẹ̀ ẹ́,” ni ó wí.

Mo tẹ̀ ẹ́.
Nínú òkùnkùn irin, òrùka wú, ó tún wú,
etí súnmọ́ etí, ó ku bí irun kan,
ó dúró.

Ilé búrẹ́dì ti tilẹ̀kùn.
A yí padà, a tún un rìn.