Ibòji

Níjọ́ tí a gbé Morónfólú dé Ẹ̀gbẹ̀,
ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa,
ṣùgbọ́n tirẹ̀ nìkan ló dúdú
bí ẹni tó yọ́ tọ́ aró ìyá rẹ̀ wò.
Ọmọ ọdún mẹ́ta. Tó bá sáré dé ìdí káṣú,
a lóṣòó, a máa mí hẹlẹhẹlẹ,
àwa a máa rẹ́rìn-ín: "Ẹ wo bàbá àgbà!"
Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún fi àìmọ̀ rẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó ni yàrá ẹ̀rọ ń jẹ́ Ìbíyẹmí, ọmọ Ìsánlú,
aṣọ funfun rẹ̀ ti pàdánù bọ́tìnnì kan.
"Ọ̀kún o," ló kí ọmọ, kó tó kí mi.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan iná yín kó mọ́lẹ̀ yòò.
Mo ti ta àpò kọfí mẹ́fà. Owó pé.
Ẹ má ṣe ahun ìmọ́lẹ̀ sí ọmọ mi."

Kò bínú.
"Kọfí lẹ pè é? Tí ẹ bá gbin ọmọ rẹ̀,
ṣé ẹ máa ń ṣí i sílẹ̀ fún oòrùn ni?"

Mo dákẹ́.
Èmi tí mo máa ń gé imọ̀ ọ̀pẹ,
tí mo máa ń ta á bò wọ́n,
tí mo máa ń ṣí i ní ewé kan, ewé kan,
bí igi wọn bá ṣe ń gbó.

"Ìtànṣán yìí náà, oòrùn ni," ó ní,
"ó ń wọ ara, kì í dágbére.
Ọmọ yìí á tún padà wá, lọ́dún tó ń bọ̀,
àti nígbà tó bá ga tó ìyá rẹ̀.
Ohun tó bá gbà lónìí, yóò bá a dàgbà ni.
Ìdí nìyí tí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n
bí iyọ̀ ọbẹ̀ ọmọ-ọwọ́."

Ó lẹ wáyà mẹ́ta mọ́ àyà rẹ̀.
Ẹ̀rọ dúró. Ó ń ṣọ́ ọkàn náà
bí ọdẹ ṣe ń ṣọ́ ìgalà tó ń mumi létí Ọ̀yì:
kó lù, kó sinmi;
nínú ìsinmi yẹn, bíńtín,
ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré.
Mi ò tíì sín tán, wọ́n ní ó ti parí.

Àwòrán náà ṣe bàìbàì díẹ̀,
bí àpáta Ìsánlú lójú ọyẹ́.
Ṣùgbọ́n ihò náà wà níbẹ̀.
Ìbíyẹmí fi ìka tọ́ka sí i:
"Èyí tó fún oníṣẹ́ abẹ. Kí la fẹ́ fi ìyókù ṣe?"

Ibòji. Ibojì.
Ohùn lásán ló là wọ́n láàárín.
Mo ń pè wọ́n wúyẹ́wúyẹ́ nínú ọkọ̀
títí a fi kọjá Mọ̀pà,
ẹ̀rù ń bà mí kí n má ṣì í pè.

A kò tíì mọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.
Lánàá, ó tún lóṣòó
láàárín àwọn ọmọ kọfí, ó ń mí.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Mo gbé imọ̀ kan sí i, lókè orí rẹ̀.