Páìpù Ẹran

Iṣẹ́ mi ni kí omi kọjá.
Àgbàlá tó pọ̀ lẹ́yìn Àkàbà Ìdènà ní Kétu,
èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ wọn, tí mo tẹ́ páìpù wọn.
Bí omi bá dúró, mo mọ ohun tó fà á:
ìpẹtà, gbòǹgbò ọsàn,
tàbí àkèré kan tó ṣìnà.

Oyéníran ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin,
di ìhà òsì rẹ̀ mú lóru.
Ó ní, "Bàbá, ẹnì kan ń ti ilẹ̀kùn níbí."
A fún un ní omi àgbọn kó lè fọ inú rẹ̀.
Omi àgbọn tún dá kún un.

A gba Pọ́bẹ̀, a gba Ṣákẹ̀tẹ́,
orí ọmọ lórí itan ìyá rẹ̀, títí dé Àjàṣẹ́.
Wọ́n fi nǹkan tútù pa á níkùn, wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó.
Kíndìnrín ti wú bí ìbẹ́pẹ.
Mo ní, "Dókítà Ẹgbẹ́yẹmí, kí ló dí i? Òkúta ni?"
Ó ní, "Kò sí ohun tó dí i. Ihò ṣí sílẹ̀."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń tẹ́ páìpù,
n kò gbọ́ ọ rí:
ihò ṣí, omi dúró.

Ó ní páìpù tiwa kì í ṣe irin. Ẹran ni.
Iṣan wẹ́wẹ́ ló yí i ká; ọ̀kan á fún, á jí èkejì,
bí ekòló ṣe ń wọ́ lọ,
bí àwa ṣe ń ju búlọ́ọ̀kù síra wa láti orí ọkọ̀,
gbà, fún un, gbà, fún un,
títí omi á fi dé àpò ìtọ̀.
Ṣùgbọ́n ní ọrùn kíndìnrín ọmọ yìí,
níbi tí kò tó èékánná,
ẹnì kan nínú ìlà kò nawọ́.
Àwọn tó wà lókè ń tì, wọ́n ń tì,
iṣẹ́ sọ wọ́n di alágbára,
agbára wọn le, ó sì di àpá.

"Láti inú oyún ni," ó wí.
Ìyá rẹ̀ ń wo ilẹ̀.
"Ìyá, ẹ̀bi yín kọ́."
Kò gbé ojú sókè.

Wọ́n gé ibẹ̀ kúrò, wọ́n rán ìyókù pọ̀.
Rafíátù, tó ń fi awò wo ẹran, ránṣẹ́ pè mí:
"Oníṣẹ́ omi, ẹ wá wo iṣẹ́ ẹlòmíràn."
Mo di ojú kan.
Fọ́nrán pupa, tó yẹ kó tò bí koríko òrùlé,
wúrúwúrú bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.
Láàárín wọn, àwọ̀ aró.
"Àpá nìyẹn," ó ní. "Kò lè fún mọ́."
Mo fẹ́ bínú sí wọn. Wọ́n kéré jù.

Oṣù mẹ́fà sí i, a ó padà lọ.
Kíndìnrín lè fọn padà, ó sì lè má fọn.
Lóru, mo gbé etí lé ìhà rẹ̀, bí mo ṣe ń gbé e lé ògiri oníbàárà,
mo ń dúró de ìró.
"Bàbá," ó ní, "irùngbọ̀n yín ń gún mi."