Ìlà Méjì

Aago méjì ọ̀sán ni mo máa ń ṣe é.
Ọmọbìnrin tó ń ta oògùn ní Dùgbẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi wúyẹ́wúyẹ́
pé ìtọ̀ kùtùkùtù kọ́ ni kí n lò,
kí n má sì mu omi fún wákàtí méjì ṣáájú.
Ètè mi á gbẹ bí páànù orí ilé lábẹ́ Mápó.
Màá ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wa l'Ókè-Bọ́là,
màá gbé ọmọrí agolo Mílò kalẹ̀,
màá ki ọ̀pá pẹlẹbẹ náà bọ inú rẹ̀
títí dé ibi tí wọ́n fàlà sí, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.
Ìṣẹ́jú márùn-ún.
Ẹni tó ti ń retí láti ọdún mẹ́rin
mọ bí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ìlà kan á kọ́kọ́ yọ, á pupa, á dá ara rẹ̀ lójú.
Ẹlẹ́rìí nìyẹn, pé ọ̀pá kò bàjẹ́.
Èkejì ni mò ń wá.
Bó bá yọ bàìbàì
bí àlejò tí kò fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ àwọn tó wá,
òfìfo ni. Mo máa kọ ọ́ sórí kálẹ́ńdà alájẹṣẹ́kù, òfìfo.
Ọjọ́ márùn-ún, òfìfo márùn-ún.

Ọjọ́ kẹfà, Túsìdeè, àwọn méjèèjì pupa lọ́gbọọgba.
Mo tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí Láníyì: *Wálé.*
Ó pè mí láti Olúyọ̀lé, ẹ̀rọ bisikíìtì ń kígbe lẹ́yìn rẹ̀.
"Ta ló kú?"
"Ẹnikẹ́ni ò kú. Ó ti di méjì."
Ó dákẹ́. Ẹ̀rọ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.
Lẹ́yìn náà ló lọ bẹ ẹnìkejì rẹ̀ kó bá òun ṣe iṣẹ́ òru,
ó ní inú ń run òun.

Mojírádé àbúrò rẹ̀ ló da ìdọ̀tí nù lọ́jọ́ kejì.
Ó rí ìlà méjì. Kò bi mí.
Kí n tó fi ọṣẹ kan ara, ìròyìn ti dé Òkè-Ààrẹ,
kó tó di ọ̀sán, Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà
pẹ̀lú ìgbín mẹ́fà nínú ọ̀rá,
àdúrà ti ń ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé.

"Màmá, ìlà yìí kọ́ nìyẹn.
Ti oyún, bó ti wù kó ṣe bàìbàì, oyún ni.
Eléyìí kàn ń sọ pé ilẹ̀kùn fẹ́ ṣí ni.
Kò tíì sọ pé ẹnikẹ́ni wọlé."

Mojírádé ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.
Màmá gbé awò sójú, ó gba ọ̀pá náà,
ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó títí,
ó wá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.
"Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n kọ sí mi. Ti ọ̀tún jinlẹ̀.
Nígbà tí olóòlà fi dé òsì, mo ti ń jà.
Wò ó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn.
Kò sì sẹ́ni tó sọ pé mi ò kọlà."
Ó dá ọ̀pá padà fún mi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀:
"Láníyì ńkọ́? Ṣé wọ́n ti yẹ òun náà wò?"

Ọdún mẹ́rin, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí,
nínú ìdílé wọn tàbí tiwa.
Mi ò rí èsì fọ̀.
Ìgbín kan ti jáde nínú ọ̀rá, ó ń gun ògiri.

Nígbà tó lọ, mo ka ọ̀pá tó kù nínú páálí: mẹ́rin.
Mo wá bu omi, ife méjì,
mo mu ún láìmí.