Okùn Tí Mo Rà Lọ́wọ́ Sùwẹ́bátù

"Ṣé ọkọ̀ lo fẹ́ fi so ni, àbí ewúrẹ́?"
Báyìí ni Sùwẹ́bátù ṣe bi mí létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
nínú ṣọ́ọ̀bù tí òórùn ẹja ti wọ gbogbo okùn lára.
Mo ní, "Èmi gan-an ni mo fẹ́ so mọ́ igi."
Ó gba okùn padà lọ́wọ́ mi.
Ó wò mí láti orí dé bàtà.
"Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé o jáde nílé?"

Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí.
Mo tú àpò, mo fi gàárì mi hàn án,
bẹ́líìtì mọ́tò mẹ́ta tí télọ̀ àdúgbò wa rán papọ̀.
Inú rẹ̀ ni mò ń jókòó sí lókè,
ìdí mi nínú afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ mi lára èèpo igi,
tí mò ń dúró de ẹtu tí òùngbẹ yóò gbé wá.
"Háà, ọdẹ ni ẹ́. O ò bá ti tètè sọ."

Igbà ni bàbá mi lò, igbà ọ̀pẹ
tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun.
Igbà náà sì ní ìgbà tirẹ̀.
Wọ́n ní ibi tí okùn bá ti tínrín ló ti ń já.
Mo ti bá wọn gbà á gbọ́ rí.
Ibi tó nípọn jù lọ ni ti Ọdẹ́sànyà ti já,
ibi tí òjò ọdún mẹ́ta fara pamọ́ sí,
tí òde ń dán, tí inú ti di ìyẹ̀fun.
Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi eyín tọ́ okùn wò,
tí mò ń ya inú rẹ̀ wò
bí ẹni ń ṣa ẹ̀fọ́ tí kòkòrò wọ̀.

Yẹ́lò yìí, àwọn apẹja fẹ́ràn rẹ̀, ó ń léfòó.
Ṣùgbọ́n igi kì í ṣe ọ̀sà. Mo ta á ní kókó,
kókó yọ̀ bí ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ ọmọdé.
Funfun rọ̀, ó dùn ún dì mú.
Mo fara tì í: ó nà, ó tún nà,
bí ìlérí ẹni tó ń wá ìbò.
Ta ló fẹ́ kí okùn máa rò ó kó tó gbé e?
Dúdú yìí le. Ó gba kókó, kò jẹ́ kó lọ.
Iye tó dá lé e le ju okùn lọ.
A ná an títí ìrọ̀lẹ́ fi dé.

"Ọ̀kan ò tó," ni mo wí.
"Ojúmọmọ la fi ń gùn, ara le, ojú ríran.
Òru la fi ń sọ̀ kalẹ̀,
ọwọ́ ti kú, orúnkún ti gan,
kò sẹ́ni nísàlẹ̀ tí yóò sọ pé, rọra."
Ó dákẹ́. Ó wọ inú lọ,
ó mú tínrín kan jáde, tí wọ́n hun bí irun ọmọbìnrin,
ó fi apá wọ̀n ọ́n, ọgbọ̀n ìgbọ̀nwọ́, ó fi mẹ́ta lé e.
"N ò gba kọ́bọ̀ lórí mẹ́ta yẹn.
Àmọ́ wá fi okùn yìí hàn mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
kí o tó fi ẹran han ẹnikẹ́ni."

Nínú igbó Ejìnrìn, lórí igi ọ̀mọ̀, ẹtu ò wá.
Ẹ̀fọn wá. Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ wá.
Ọkọ̀ ojú omi kan kọjá lókèèrè, ẹni inú rẹ̀ ń wúkọ́.
Nígbà tí n kò rí ọwọ́ ara mi mọ́, mo fi tínrín kọ́ ẹ̀ka,
mo tú dúdú,
ẹ̀mí mi bọ́ sórí ohun tí kò tó ìka mi nípọn.
Ó gbóná ní àtẹ́lẹwọ́ mi
títí gìgísẹ̀ fi kan ewé tútù.
Mo fa etí kan; èkejì gòkè, ó yí ẹ̀ka ká,
ó wó lé mi lórí
bí ẹni pé ẹ̀rù ti ń ba òun náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òfo.
Kò béèrè ẹtu. Ó fi apá wọn okùn,
ẹnu rẹ̀ ń kà á wúyẹ́wúyẹ́.
Ó ní, "Ó pé."
Èmi ló sì ń wò.