Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin

Atẹ́gùn Punta Arenas kì í fẹ́ bí atẹ́gùn ibòmíràn,
ó ń ti èèyàn ni, bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.
Wọ́n ta okùn sí etí títì
kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú.
Inú atẹ́gùn yìí ni Eduvina, ìyàwó mi, ti ń sáré
ní agogo mẹ́fà ìdájí,
ìbọ̀wọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni ìwọ̀n wí.
Kílómítà mẹ́ta lójúmọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Ara ń yọ́ bí ọ̀rá inú ìkòkò,
ó ń fa ìgbànú hàn mí, a ń rẹ́rìn-ín.
Ó wá dé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,
ìwọ̀n jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ó ní, "Eré ni kò tó."
Ó sọ mẹ́ta di mẹ́fà, ó sọ mẹ́fà di mẹ́sàn-án,
ó ń sáré débi tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀ apẹja,
imú rẹ̀ á pọ́n bí alákàn tí a sè.
Wọ́n ní asárétete kò ní kọjá ilé:
Eduvina ti délé,
mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni ilé náà ń jẹ́.
Ó gbé ìwọ̀n láti ilé ìdáná lọ sí balùwẹ̀,
láti balùwẹ̀ lọ sórí pákó yàrá.
Ó bọ́ yẹtí. Ó tú irun.
Ó mí èémí inú rẹ̀ síta tán kó tó gùn ún,
àfi bí ẹni pé afẹ́fẹ́ náà ní ọ̀rá.

Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún wọn alákàn létíkun,
mo mọ̀ pé ìwọ̀n kì í purọ́,
ṣùgbọ́n kì í sọ òtítọ́ tán.
Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dúró gé àlùbọ́sà, a máa bá rédíò jó.
Ní báyìí, bó bá ti eré dé, ó di orí àga títí dalẹ́.
Lóru, mo ń gbọ́ ọ̀bẹ lára búrẹ́dì:
ẹ̀kínní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀kejì fẹ́lẹ́,
ká má tan ara wa jẹ, ẹ̀kẹta nípọn.

Nọ́ọ̀sì Millaray ní ara ti mọ ọ̀nà náà ju ẹsẹ̀ lọ,
bó bá ná ìnákúnàá láàárọ̀, a ṣúnwó ná lọ́sàn-án.
"Sinmi fún ọjọ́ méjì. Gbé nǹkan wúwo. Sùn."
Eduvina ń wo ilẹ̀.
Ta ló ń gba ẹni tó ní ká sùn gbọ́?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ létí ẹ̀rọ omi.
Ó bọ́ ọ nítorí gíráàmù mẹ́rin!
Mo fẹ́ bínú. Mo wá rántí:
ọdún méjìlá ni òrùka yìí fi há sí ìka yẹn,
ọṣẹ kò bọ́ ọ, òróró kò bọ́ ọ,
dókítà kan tiẹ̀ fẹ́ fi ayùn gé e.
"Báwo lo ṣe bọ́ ọ?"
Ó wo ìka rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀.
"Mo kàn fà á ni."

A dákẹ́. Atẹ́gùn ń gbá páànù.
Mo wá òwú pupa, mo wé e mọ́ òrùka náà lẹ́ẹ̀méje
kó má baà já sómi.
Ó ní lọ́la òun á sùn.
Agogo mẹ́fà, mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí pákó.
Kílómítà mẹ́ta péré, ó ní, torí ojú ọjọ́ dára.
Ojú ọjọ́ kò dára.
Bó ti jáde, mo yọ́ gun ìwọ̀n náà.
Ohun tó wí kò kàn yín.